Ta Là Ń Kà Mọ́ Ìjọ? Ìsàmì àti Òǹkà Àwọn Onígbàgbọ́ ní Etí Ọ̀sà, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde láìpẹ́ yìí. Ó ní àwọn òpìtàn ti ṣe àsọdùn nígbà tí wọ́n ń sọ bí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ṣe tàn ká etí ọ̀sà lẹ́yìn ogun ọdún 1892, láti Ìkòròdú gba Èjìnrìn títí dé Ẹ̀pẹ́. Àlàyé rẹ̀ kò díjú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà ni kò ṣe ìsàmì. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìsàmì, gẹ́gẹ́ bó ti wí, àlejò ni nínú ìjọ, ì báà máa wá ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi títí tó fi hu ewú. Kó má baà jọ pé ẹnu tirẹ̀ nìkan ló fi sọ ọ́, ó pe àwọn Sikh ilẹ̀ Íńdíà wá jẹ́rìí. Ó ní láàrin tiwọn, ẹni tí kò bá mu omi ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń wọ ẹgbẹ́ Khalsa kì í ṣe Sikh rárá.

Iṣẹ́ takuntakun ni iṣẹ́ náà, mo sì kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹlẹ́rìí tó pè yẹn, n kò rò pé ó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ kó tó mú un dé iwájú wa. Màá padà sórí èyí. Ohun tí ìsàmì jẹ́, àti ohun tí ìjọ jẹ́, òǹkàwé ìwé yìí mọ̀ wọ́n. N kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró lórí wọn.

Kíláàsì kún, ìsàmì kò pọ̀ tó o

Ẹni tó bá mọ Èjìnrìn òde òní, lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Ìkòsì-Èjìnrìn, lè má rántí pé ọjà ibẹ̀ wà lára àwọn tó lókìkí jù lẹ́bàá ọ̀sà ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Èkó kó ọjà òyìnbó wá, epo pupa àti èkùrọ́ ń ti òkè sọ̀ wá pàdé wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí ará Èkó kọjá etí omi. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti rà, kí wọ́n ti tà, kí wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti wá. Ohun tó sé oníṣòwò mọ́ etí omi ló sé ajíhìnrere náà mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí Carter, gómìnà Èkó, rán ọmọ ogun ní May 1892, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ja ìjà Ìmàgbọ̀n, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà là. Àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú ya lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ya lọ sí mọ́sálásí.

Níbẹ̀ ni wàhálà òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsàmì pọ̀, àwọn tí wọ́n ṣe ìsàmì fún kò tó wọn, ọ̀rọ̀ ìyàwó sì ni olórí ìdí. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ti sọ ní 1857 pé kò sí ìsàmì fún olóbìnrin púpọ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth ní 1888 sì fi òǹtẹ̀ lù ú: kí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́, kó máa dúró, títí yóò fi lè pa òfin Kristi mọ́. Ìpàdé kan náà ló sọ pé nígbà mìíràn a lè ṣe ìsàmì fún àwọn ìyàwó rẹ̀, bí àwọn aláṣẹ ìjọ ibẹ̀ bá rí i pé ó yẹ. James Johnson, tí Èkó ń pè ní Johnson Mímọ́, tí kò jẹ́ kí òyìnbó rí ọmọ Áfíríkà fín, kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló gbà kí Lambeth tó yí ohùn padà. Ní 1988 ni wọ́n gbà pé a lè ṣe ìsàmì fún olóbìnrin púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, láìfi ipá mú un kó lé ìyàwó kankan, bí kò bá ti ní fẹ́ òmíràn mọ́, tí ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo ohun tí òfin 1888 bí. Nínú ilé kan ṣoṣo, ìyàwó ti ṣe ìsàmì, àwọn ọmọ ti ṣe, baálé tó ń san owó ilé ìwé wọn kò sì lè ṣe. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣí ìwé ìsàmì àwọn Áńgílíkà, irú èyí tí wọ́n là ní ìlànà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1812. Àyè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ìsàmì, fún orúkọ ọmọ, fún orúkọ àwọn òbí, fún ibi tí wọ́n ń gbé, fún iṣẹ́ tàbí ipò bàbá, àti fún orúkọ ẹni tó ṣe ìsàmì. Bí àlùfáà bá wọ́n omi sí ọmọ lórí tán, kálàmù ni yóò mú, yóò kọ orúkọ bàbá tí òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣe ìsàmì fún, yóò kọ ọ́ pé oníṣòwò ni tàbí apẹja, yóò sì buwọ́ lù ú. Inú ìwé tí ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ fi lé bàbá náà jáde ni orúkọ bàbá náà wà.

Kíkà mọ́ni lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ lọ́tọ̀

Ibi tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ti pínyà gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ó ń bi wá pé, "Ta ni onígbàgbọ́?" bí ẹni pé àwọn èèyàn etí ọ̀sà jókòó lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀. N kò rí ìjọ kankan tó béèrè ìbéèrè yẹn lásán rí. Nǹkan kan ní láti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó béèrè, ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ló sì ń pinnu ìdáhùn. Mo mọ mẹ́ta: òkú kú, wọ́n tẹ́ tábìlì Olúwa, tàbí ìkórè dé.

Tábìlì ló rọrùn jù. Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ara Olúwa títí bíṣọ́ọ̀bù yóò fi gbé ọwọ́ lé e lórí, tàbí kó ti ṣetán tó sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìsàmì gan-an kò tó níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ṣe ìsàmì láti kékeré yóò jókòó sórí àga nígbà tí ìyá rẹ̀ bá dìde. Bí òṣùwọ̀n ẹlẹgbẹ́ mi bá jẹ́ ẹ̀tọ́ kíkún, kó yọ ọmọ yẹn náà kúrò nínú òǹkà. Kò yọ ọ́.

Òkú le jù. Ìwé Àdúrà kan náà ní kí a má ṣe ka ìsìn ìsìnkú sórí ẹni tó kú láìṣe ìsàmì, ẹni tí ìjọ ti yọ lẹ́gbẹ́, àti ẹni tó pa ara rẹ̀. Mo gbà pé ìsàmì lágbára níbí, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti sìnkú òbí rẹ̀ ní ìlú wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọ. Káàdì ni. Ṣé ìyá ń san owó ìjọ rẹ̀? Ọdún mélòó ló jẹ sílẹ̀? Àwọn ọmọ a wo ojú ara wọn, èyí àbúrò a tú àpótí ìyá, wọ́n a rí káàdì tí òǹtẹ̀ rẹ̀ dúró sí ọdún tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá, wọ́n a dá owó jọ, akápò a gbé òǹtẹ̀ lu gbogbo àyè tó ṣófo, agogo a sì dún. Ìsàmì wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ti gbà á bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Òǹtẹ̀ ló ń fa ìjiyàn. (Mo mọ àwọn àlùfáà tí inú wọn kì í dùn sí àṣà yìí. Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ àṣà.)

Ìkórè ló wá da ìṣirò ẹlẹgbẹ́ mi rú pátápátá. Lọ́jọ́ ìkórè, ìdílé ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Baálé tí kò lè ṣe ìsàmì ni yóò ṣáájú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jó dé iwájú pẹpẹ. Bí wọ́n bá gbé iṣu àti ẹja gbígbẹ sí gbàǹjo, òun ni yóò fi owó bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìjọ kò dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ń gba ìkórè lọ́wọ́ èèyàn fún ogún ọdún, ó ti kà á mọ́ ara rẹ̀, ohunkóhun tí òfin Lambeth ì báà wí. Ẹ̀tọ́ tábìlì kò sí fún un, ẹ̀tọ́ sàréè di ìjiyàn, síbẹ̀ wọ́n kà á. Ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń lò, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n ń gbé jáde nígbàkigbà. Àwa òpìtàn la fẹ́ fi ìwọ̀n kan wọn gbogbo rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí láti Punjab

Àwọn Sikh ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní 1699, ní Anandpur, wọ́n po ohun dídùn mọ́ omi nínú abọ́ irin, Guru Gobind Singh, Guru (olùkọ́ ẹ̀sìn) kẹwàá wọn, fi idà olójú méjì rò ó pẹ̀lú àdúrà, ó fún àwọn ààyò márùn-ún mu, ó sì ní kí àwọn náà fún òun. Ẹni tó bá gbà á di ọmọ Khalsa, tí kì í gé irun, tí ń wọ ẹ̀gbà irin, tí ń sán idà. Ibẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ mi dúró sí. Ká ní ó rìn síwájú díẹ̀ ni, ì bá ti bá ìwé ìlànà Sikh Rehat Maryada pàdé, èyí tí SGPC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, ní Punjab ní Íńdíà, fọwọ́ sí ní 1945. Ohun tí ìwé náà béèrè lọ́wọ́ Sikh ni kó gba Ọlọ́run kan gbọ́, kó gba àwọn Guru mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìwé mímọ́ Guru Granth Sahib àti ẹ̀kọ́ wọn gbọ́, kó gba ìyàsọ́tọ̀ tí Guru kẹwàá fi lélẹ̀ gbọ́, kó má sì ṣe ẹ̀sìn mìíràn. Kó gbà á gbọ́ ni wọ́n wí. Wọn kò sọ pé kó ti ṣe é.

Lóòótọ́, ìjà ń lọ láàrin wọn, ó sì gbóná. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Sahajdhari, tó gba àwọn Guru gbọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò wọ Khalsa, a máa dìbò fún SGPC tẹ́lẹ̀. Ní 2003 ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi ìkéde gba ìbò náà lọ́wọ́ wọn; ní 2011 ilé ẹjọ́ gíga Punjab àti Haryana fagi lé ìkéde ọ̀hún; ní 2016 ilé aṣòfin fi òfin dá ọ̀rọ̀ padà sí bó ti wà ní 2003. Àmọ́ kí ni wọ́n gbà? Ìbò ni. Ẹ tún wò ó: lábẹ́ òfin gurdwara ọdún 1925 pẹ̀lú àwọn àtúnṣe rẹ̀, olùdìbò gbọ́dọ̀ dá irun sí, kó má mu sìgá, kó má mu ọtí, ẹni tó fẹ́ du ipò ló gbọ́dọ̀ ti gba omi Khalsa. Ọ̀pọ̀ tó dá irun sí láì tíì gba omi náà ń dìbò. Ní ilé ìdáná gurdwara, tí wọ́n ń pè ní langar, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ló ń jẹun, Sikh tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn, lórí ilẹ̀ kan náà. Olùjẹun, olùdìbò, olùdupò: ìwọ̀n mẹ́ta náà tún nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ẹlẹgbẹ́ mi, tèmi ló jẹ́.

Omi ta ni?

Mo lè dúró síbí, àmọ́ ohun kan ṣì kù tó yẹ kó ti dààmú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìsàmì ka àwọn Ìjẹ̀bú. Ìsàmì ìjọ wo ni yóò fi kà wọ́n? Ní 1891 ni United Native African Church yà ní Èkó. Ní 1901 African Church tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí wọ́n lé James Johnson kúrò ní St. Paul's, Breadfruit. Ní 1917 àwọn Ẹlẹ́jà jáde kúrò lára Mẹ́tọ́díìsì, lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó gan-an. Àwọn ìjọ wọ̀nyí ń gba olóbìnrin púpọ̀. Ọkùnrin kan náà, pẹ̀lú ìyàwó mẹ́ta kan náà, ó lè jẹ́ àlejò ní apá ọ̀tún títì, kó jẹ́ ọmọ ìjọ ní apá òsì. (James Johnson fúnra rẹ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yapa ní 1901, kò tẹ̀ lé wọn, kò sì fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe.)

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ọdún 1918, Joseph Shadare àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní St. Saviour's dá Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sílẹ̀. Wọn kò lo oògùn, wọn kò sì gbà pé ó tọ́ láti ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó lé wọn kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì ni ó padà já sí Christ Apostolic Church. Nítorí náà, lójú àwọn tó ń ri àgbà bọmi, omi tí àlùfáà wọ́n sí ọmọ lórí kò jẹ́ nǹkan kan. Bí ẹlẹgbẹ́ mi bá gba ìdájọ́ Áńgílíkà, ó gbọ́dọ̀ yọ olóbìnrin púpọ̀ kúrò. Bó bá gba ìdájọ́ àwọn ará Shadare, ó gbọ́dọ̀ yọ gbogbo ọmọ Áńgílíkà tí kò ní omi mìíràn ju ti kékeré lọ. Kò sọ fún wa èyí tó mú. Ó jọ pé ti Áńgílíkà ni, torí òun ni ìwé rẹ̀ wà nípamọ́.

Èyí tó kàn

N kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ìwé ìjọ tí a kò tíì yẹ̀ wò fi hàn pé ìsàmì wúwo ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, mo sì ṣetán láti gbọ́. Ohun tí mo lè sọ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni pé kò jọ pé iye ìsàmì tó láti fi yọ ẹnikẹ́ni kúrò lára onígbàgbọ́ etí ọ̀sà, àti pé àwọn òpìtàn tó ka àwọn tó wà ní kíláàsì, tí wọ́n ka àwọn tó ń mú ìkórè wá, kò ṣe àsọdùn kankan.

Ibi tí ọkàn mi wà báyìí ni Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá wá pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Òun padà sí Èkó ní 1862. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà, àwọn ni wọ́n di Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ìsìláàmù kò ní omi ìsàmì. Kálímà ló fi ń wọlé. Síbẹ̀ wòlímọ́tù wà. Ọmọ tó ka Àlùkùránì tán yóò wé láwàní, yóò gbé wàláà, àfáà yóò dúró tì í, ẹbí yóò sì ná owó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń so ó mọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ẹni tí kò ṣe wòlímọ́tù kì í ṣe Mùsùlùmí. Kí ló dé, nígbà náà, tí àwọn ìyá àgbà tó ti bí ọmọ, tó ti rí ọmọ ọmọ, fi ń lọ jókòó níwájú àfáà kí wọ́n lè ṣe tiwọn? Àwọn ìyá wọ̀nyí ni màá kọ́kọ́ lọ bá, kí n tó ṣí ìwé ẹnikẹ́ni.