Ìjà Àṣe-má-jẹ́wọ́

Nígbà tí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè, kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ́dún 2025, rògbòdìyàn ni orúkọ tó gba ẹnu kan. Awuyewuye ààlà ilẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí tó sọnù àti ilé tó jóná wà nínú rẹ̀. Orúkọ tó kó gbogbo ìyẹn pọ̀ kò lè sọ ibi tí ìjà dé fún wa.

Ìjà kì í ti inú kùnrùngbùn fò bọ́ sójú ogun. Kí la ó pe ohun tó wà láàárín? Ogun abẹ́lẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, kò yàtọ̀ sí ogun abẹ́lé, irú èyí tí Nàìjíríà jà láti 1967 sí 1970. Ogun ìkọ̀kọ̀ náà kò ṣe é gbára lé. Lọ́dún 2010, àṣírí Stuxnet tú, ètò kọ̀ǹpútà tó ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz, nílẹ̀ Ìránì. Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà ni gbogbo ayé nawọ́ sí. Kò sí èyí tó jẹ́wọ́ nínú wọn. A mọ̀ wọ́n, wọn kò kàn gbà ni. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá ìjà àṣe-má-jẹ́wọ́.

Ìjẹ́wọ́ ni ẹnubodè ogun. Bí ọ̀tá kò bá tíì jẹ́wọ́, ẹni tí wọ́n ṣe níkà lè mú un mọ́ra láìtẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2024, Ìránì yin ohun ìjà tó lé ní 300 sí Ísírẹ́lì láti ilẹ̀ ara rẹ̀, ó sì kéde pé òun ni. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn méjèèjì fi ọjọ́ 12 jagun ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ìlú sí ìlú. Bí ẹnìkan bá ba oko ẹlòmíràn jẹ́ lóru, Olóbùú àti Olúfọ́n, ọba Ìlobùú àti ọba Ìfọ́n, ṣì lè jọ sọ pé ọ̀daràn ló ṣe é, kí wọ́n wá a rí. Bí a bá ti ní “Ìlobùú ló ṣe é” tàbí “Ìfọ́n ló ṣe é”, gbogbo ọmọ ìlú ti di ọmọ ogun, àtọmọ ọwọ́.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó wa: ìjà a máa le, a sì máa ràn. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ jà, le nígbà tí ìbọn ìgbàlódé dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀. Ó ràn, nítorí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìlọrin náà dojú kọ Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893.

Kónílé-ó-gbélé lè dí ìjà lọ́wọ́ kó má ràn. Ààlà tí a bá fi òtítọ́ pín ló ń tu kùnrùngbùn. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ sọ èyí tó le, ẹ sọ èyí tó ràn, ẹ má sì bá ìlú kankan jẹ́wọ́ ohun tí a kò tíì rí ẹni tó ṣe é.