Ṣájà fóònù nínú ilé: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí iná má baà ṣọṣẹ́

Ní Òjé, n'Ìbàdàn, ilé fara kan ilé. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè sì lè kó ọjà rẹ̀ sínú yàrá kan náà tó ń sùn sí. Bí ṣájà bá gbiná níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní mọ sí yàrá kan.

Iná IBEDC tó ń wọlé tó nǹkan bíi fóólítì 230, fóònù ò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣájà ló ń dín in kù sí 5, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ èyí tó ń tètè gba iná. Nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú, ohun tó ya iná ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára iná kékeré ò lágbára. Bó bá bàjẹ́, iná ńlá lè gba inú okùn dé ọwọ́ ẹni tó di fóònù mú.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe:

- Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ka ara rẹ̀. Bí kò bá ní àkọlé tó sọ iye iná tó ń gbà àti iye tó ń gbé jáde, ẹ fi sílẹ̀.
- Ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí bírò ti ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ẹ ra adápítọ̀.
- Ẹ má gbé fóònù tó ń gba iná sórí bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sórí aṣọ. Ooru ò ní ríbi jáde. Orí tábìlì ló dáa.
- Okùn tó ti bó, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú nù.
- Ẹ má ki áyọ́ọ̀nù àti ṣájà bọ ẹ́sténṣọ̀n kan náà.
- Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ ṣájà. Bó bá dé, ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí ó lè kọ́kọ́ wá pẹ̀lú agbára.
- Bí bátìrì bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un.

Fóònù tó bá ti kún máa ń dá iná gbígbà dúró fúnra rẹ̀. Ewu òru ni pé bí ṣájà tí ò dáa bá gbóná, kò sẹ́ni tó jí tó máa rí i.

Bó bá gbiná, ẹ pa iná láti ibi mítà bí ààyè bá wà, ẹ má da omi sí i nígbà tí iná ṣì wà nínú wáyà. Ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbà jáde kẹ́ ẹ tó ronú kan ẹrù, kẹ́ ẹ sì pe 615 tàbí 112.