Ìgbésí Ayé àti Ikú Beyers Naudé ti Johannesburg

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ Mandela. Díẹ̀ ni ó mọ Beyers Naudé, bẹ́ẹ̀ ìtàn rẹ̀ kan àwa ọmọ ìjọ gan-an.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1915 ni a bí i ní Roodepoort, lẹ́bàá Johannesburg. Boer ni, ìran àwọn ará Họ́lándì tí ó tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà. Bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́fà péré tí kò gbà pé kí àwọn Boer túúbá fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1902. Ẹni bíni là á jọ. Ọmọ náà di òjíṣẹ́ nínú ìjọ Dutch Reformed, ó sì wọ Broederbond, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ àwọn Boer, ní ọdún 1940. Fún ìgbà pípẹ́, kò bá òfin tí ó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun jà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ìjọ pé jọ ní Cottesloe, ní Johannesburg, wọ́n sì pinnu pé kí a má ṣe lé onígbàgbọ́ kankan kúrò nínú ilé Ọlọ́run nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Inú bí Verwoerd, olórí ìjọba. Sínódù kọ ìpinnu náà. Naudé kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ní ọdún 1963, ọdún kan náà tí wọ́n fi í ṣe olórí sínódù Gúúsù Transvaal, ó dá Christian Institute sílẹ̀ fún dúdú àti funfun. Àwọn àgbà ìjọ ní kí ó mú ọ̀kan nínú méjì: ẹgbẹ́ náà tàbí àga ìwàásù. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó dúró níwájú ìjọ rẹ̀ ní Aasvoëlkop, ó wàásù láti inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 5, ẹsẹ 29, ó sì sọ fún wọn pé òun ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Láti ọdún 1977 di 1984, ìjọba fi òfin dè é: kò gbọdọ̀ bá ju ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìdè yìí ni ó wà nígbà tí ó fi ìjọ àwọn funfun sílẹ̀ ní ọdún 1980, tí ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ àwọn dúdú ní Alexandra. Lójú tiwa, èyí ju ìwàásù lọ.

Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ní ẹni ọdún 89. Ní Aasvoëlkop, ilé ìjọsìn tí ó ti kúrò ní ọdún 1963, ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn rẹ̀. Sísun òkú ṣàjèjì sí wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n eérú ara rẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí ilẹ̀ Alexandra.