Rímù álọ́ọ̀yì tó bà jẹ́: Ṣé kí ẹ tún un ṣe ni àbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Kò sí awakọ̀ tó ń gba ojú títì wa tí kò mọ ìró náà, 'gbàà!', nígbà tí táyà bá já sínú kòtò tí omi òjò ti bò mọ́lẹ̀. Bí rímù ọkọ̀ náà bá jẹ́ onírin, ó lè tẹ̀, kí fọganáísà sì fi òòlù nà án padà. Ṣùgbọ́n rímù álọ́ọ̀yì ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀, ọ̀nà tí à ń gbà tún onírin ṣe kò sì bá a mu.

Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, wọ́n a sì po sílíkọ́nì díẹ̀ àti magnésíọ́mù bíńtín mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ́ ọ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n tún máa ń gbé e sínú iná ní iléeṣẹ́, ní nǹkan bíi 540 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á sì tún fi iná tí kò le tó bẹ́ẹ̀ yá a fún wákàtí mélòó kan. Ètò iná yìí ló fún un lágbára, òun náà sì ni iná gáàsì ẹ̀bá títì ń bà jẹ́. Irin máa ń pọ́n kí ó tó yọ́, ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á sì rí i. Alumíníọ́mù kì í pọ́n. Agbára rẹ̀ lè ti lọ láìjẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Rímù tí wọ́n yan lórí iná, tí wọ́n lù títí tó fi rí roboto, lè dára lójú, àfi ìgbà tó bá tún bọ́ sí kòtò mìíràn.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn ha lára kọ́ńkéré ẹ̀gbẹ́ títì ni, ẹwà rẹ̀ nìkan ló lọ. Ẹ lè kùn ún lọ́dà, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò bá sówó. Bó bá tẹ̀ díẹ̀ létí, pàápàá etí inú tí ojú kì í tètè tó, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fi jáàkì tì í padà díẹ̀díẹ̀ lè tún un ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ bálánsì, kó yí lójú yín.

Èyí tó bá sán ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí táyà bá ń sọ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta síra wọn, tí kò sì sí ìṣó lára rẹ̀, tàbí tí sitíárìn ń gbọ̀n bí ẹ bá ti ń sáré, ẹ ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà. Kí wọ́n da omi ọṣẹ sí ẹ̀yìn rímù nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà. Ibi tó bá ń hó ni ibi tó sán, ó sì lè má nípọn ju irun lọ. Bó bá jẹ́ ara àwọn apá tó so àárín rímù mọ́ etí rẹ̀ ló ti sán, tàbí ẹ̀gbẹ́ ihò nọ́ọ̀tì, kò sí àríyànjiyàn, ẹ ra òmíràn. Àwọn wẹ́dà máa ń jó èyí tó sán létí pọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń wà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà náà ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó di ẹlẹgẹ́; tèmi ni pé irú rẹ̀ kò yẹ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó ń sáré ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Ẹni tó bá lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládipọ̀ ní Mushin, kó yí ẹ̀yìn rímù wò: ọ̀dà tuntun níbi kan ṣoṣo lè jẹ́ pé wọ́n fi bo ibi tí wọ́n jó ni. Kí iye ihò nọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe jìnnà síra, fífẹ̀ rẹ̀, ihò àárín àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé ET lẹ́yìn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Nọ́ọ̀tì rímù onírin lè má bá álọ́ọ̀yì mu, nítorí náà ẹ béèrè tirẹ̀. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà tó nǹkan bíi 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dè.