Iná, Omi àti Abẹ: Ìmọ̀ Ta Ni Ìtàn Ń Kọ Sílẹ̀?

Abẹ tí onígbàjámọ̀ fi ń fá irun kò gba àṣìṣe. Bí irin rẹ̀ bá rọ̀ jù, kíá ni yóò kújú; bí ó bá sì le jù, ẹnu rẹ̀ yóò máa rún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ti mọ ọ̀nà àárín méjèèjì tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ ìdí rẹ̀, àti pé bí a ṣe ń kọ ìtàn ni kì í jẹ́ kí èyí hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà ní. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó fi abẹ sínú iná títí yóò fi pọ́n, a ó sì rì í bọ inú omi tàbí òróró lójijì. Bí irin tí èédú díẹ̀ wọ inú rẹ̀ bá gbóná kọjá 727 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìtò inú rẹ̀ a yí padà. Bí ó bá rọra tutù, a padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Bí ó bá tutù lójijì, èédú náà a há sínú rẹ̀, irin a sì le gan-an, ṣùgbọ́n a máa fọ́ bí àwo. Nítorí náà ni a ṣe ń dá a padà sí iná tí kò le. Bí ó ti ń gbóná, ara irin tí a ti dán a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà a di àwọ̀ ilẹ̀, a sì di àwọ̀ aró. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni ti abẹ. Àwọn ìwé iṣẹ́-ọwọ́ sẹ́ńtúrì 19 fi í sí 450 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí í ṣe 232 lórí ti Celsius.

Ní àwọn ọdún 1740, Benjamin Huntsman, ẹni tí ń ṣe aago, bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin líle nínú ìkòkò amọ̀ nítòsí Sheffield, kí èédú lè tàn ká inú rẹ̀ dọ́gba. Irin tí èédú inú rẹ̀ kò bá dọ́gba kò lè le dọ́gba. Ní 1820 àti 1822, James Stodart, tí ń ṣe abẹ àti ọ̀bẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní London, àti Michael Faraday jọ tẹ ìròyìn jáde lórí dída irin líle pọ̀ mọ́ fàdákà, platinum àti rhodium. Ní 1863 ni Henry Clifton Sorby ti Sheffield bẹ̀rẹ̀ sí fi awò asọǹkan-di-ńlá wo inú irin. Ní 1895 ni Floris Osmond tó fún ìtò líle náà ní orúkọ: martensite.

Ìtàn Faraday ni èmi náà kọ́kọ́ ka èyí sí. Ṣùgbọ́n Stodart ni ó mọ irin tí abẹ ń fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí Faraday tó dé ibẹ̀. Ó kú ní 1823. Orúkọ ẹnì kejì ni ó borí. Àwọn tí ń ri abẹ bọ omi ní Sheffield lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ilé wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá ni ó ń rọ abẹ fún onígbàjámọ̀ àti olóòlà. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde lórí bí a ṣe ń yọ́ irin ní agbègbè Ọ̀yọ́, àwọn onímọ̀ sì ti ń tọ́ka sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n iná ìyọ́rin nìkan kọ́ ni ìmọ̀ irin. Ìmọ̀ wà ní ojú ẹni tí ó di ẹ̀mú mú, tí ó ń wo àwọ̀ irin, tí ó sì mọ ìgbà tí omi yẹ. Orúkọ tí ó ń pe àwọ̀ náà jẹ́ àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé Faraday ti jẹ́. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ sí ilé arọ lọ jókòó ti ẹwìrì, kí ó béèrè orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó dá a lóhùn sílẹ̀ pẹ̀lú.