Ọjà Ṣí, Ilé-Ìwé Tì: Bí A Ṣe Bá Àrùn Kòrónà Gbé ní Ilẹ̀ Yorùbá, 2020–2023

1. Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn, ọjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń tẹjú mọ́: ọjọ́ tí àrùn wọ̀lú àti ọjọ́ tí a kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ti àrùn kòrónà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọjọ́ méjèèjì kò fara sin. Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà wà lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó ti ìlú Milan dé sí Èkó, tí ó sì ti kọjá sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn.

Ọjà kò tì fún ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé kò tì fún ọdún mẹ́ta. Èyí fi yé wa pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà ni a fi bá àrùn gbé nígbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Àárín yìí gan-an ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí a ó gbìyànjú láti dáhùn ni pé: kí ni ó mú kí ọjà ṣáájú ilé-ìwé ṣí, kí sì ni ètò bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwùjọ wa?

2. Àrùn, Òde àti Ìséde

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wò, nítorí inú èdè ni ìrírí àwọn baba ńlá wa wà. Nígbà tí ìjọba ní kí oníkálùkù jókòó sílé ní ọdún 2020, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà. ‘Kónílé-ó-gbélé’ ni àwọn kan pè é; ‘ìséde’ ni àwọn mìíràn pè é. Ìséde kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn tí Orò ń jáde ní ìlú wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. ‘Sé’ àti ‘òde’ ni a so pọ̀: a dínà òde kí ẹsẹ̀ má baà rìn níbẹ̀.

Òde yìí kan náà ni a bá nínú orúkọ tí àwọn àgbà fi ń pe òrìṣà tí ó ni àrùn ilẹ̀gbóná. Wọn kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ọbalúayé. Ẹni tí ó bá ni òde ni ó lè dá ènìyàn dúró ní òde. Nínú èrò tí ó wà lẹ́yìn orúkọ yìí, ilé ni ààbò, òde sì ni ewu. Àrùn ilẹ̀gbóná kò sí mọ́: ọdún 1970 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 1980 sì ni a kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó fi sílẹ̀ nínú èdè kò parẹ́.

Síbẹ̀, òde ni oúnjẹ wà. Ìtàn ọdún 1918 jẹ́rìí sí èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àrùn gágá bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ogun Àdùbí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, ogun àgbáyé kìn-ín-ní kò sì tíì tán. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ti ń wọ ilé kiri láti wá aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá kúrò ní Èkó. Ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901 àti àwọn ọ̀nà odò ni wọ́n gbà, àrùn náà sì bá wọn lọ. Iye tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni ó kú ní àwọn ẹkùn Gúúsù nìkan. Nínú ìtàn yìí, ojú ọ̀nà tí ọjà ń gbà náà ni àrùn gbà.

Ní ọdún 2014 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje, ilé-ìwé ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sún ọjọ́ ìwọlé rẹ̀ síwájú. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì kú. Dókítà Stella Adadevoh, ẹni tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ìṣẹ́gun kíákíá yìí mú kí ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àrùn yóò lọ. Ọdún 2020 ni ó fi hàn wá pé gbogbo àrùn kọ́ ni ó ń kánjú.

3. Ọjà Kò Lè Dúró

Alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020 ni ìséde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ́kọ́ dá. Ó fi mẹ́rìnlá mìíràn kún un, ó sì tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e. Ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ tí a tú u yìí, àrùn náà kò dínkù. Ńṣe ni iye àwọn tí ó ń mú ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé àrùn lọ ni a fi jáde. Ebi ni ó lé wa jáde.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù lè jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n alátẹ, alágbàá, awakọ̀ dánfó, onídìrí àti ẹni tí ó ń pọn omi tà kò ní oṣù kankan tí wọn yóò gbà. Òní ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń jẹ òní. Ìjọba pín oúnjẹ ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kò kárí. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, nígbà ìwọ́de ta ko SARS, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rù tí oúnjẹ ìrànwọ́ wà ní Èkó. Ohun tí ojú wọn rí nínú ilé náà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ikùn wọn ṣófo.

Ní Èkó, nígbà tí a tú ìséde díẹ̀, a pín ọjọ́ ọjà: ọjọ́ kan fún àwọn tí ń ta oúnjẹ, ọjọ́ kejì fún àwọn tí ń ta nǹkan mìíràn. Àwọn kan rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ti ń pín ọjọ́ ọjà kí òyìnbó tó dé. Ọjà ọlọ́rùn-ún wà, ọjà onísàn-án wà, ìtàdógún sì wà, kí ọjà ìlú kan má baà kọ lu ti ìlú kejì. Bákan náà ni a sọ fún awakọ̀ pé kí wọ́n má ṣe kó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èrò tí ọkọ̀ wọn ń gbà. Owó ọkọ̀ sì gbówó lórí, nítorí ẹni tí ó jókòó ni ó san owó àyè tí ó ṣófo. Àwọn aránṣọ fi àǹkárá rán ìbòmú, àwọn tí ń kiri ọjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń tà á. Lọ́nà yìí, àrùn fúnra rẹ̀ di ọjà.

4. Ilé-Ìwé tí Ó Di Ọjà

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ìgbà ìséde tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé òun yóò fi ọgbà àwọn ilé-ìwé kan ṣe ọjà oúnjẹ, kí èrò má baà ṣùpọ̀ jù ní àwọn ọjà ńlá. Ọgbọ́n tó mọ́yán lórí ni, a kò sì bá ìjọba wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ńlá ni: níbi tí ọmọ ti yẹ kí ó máa ka ABD, ata àti tòmátì ni ètò yàn láti pàtẹ síbẹ̀.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 2020 ni àwọn ilé-ìwé Èkó tì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni àwọn tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá padà, nítorí ìdánwò WAEC tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù náà. Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní Èkó, kì í sì í ṣe gbogbo kíláàsì ni ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù mẹ́fà gbáko! Ìwọ́de tún ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí àrùn sì tún gbérí, ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021 ni a tó tún wọlé.

Lóòótọ́, a fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. Èyí pàápàá kò ṣàjèjì sí wa: nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ẹ̀kọ́ wà lára iṣẹ́ tí a dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n rédíò kì í dáhùn ìbéèrè ọmọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní fóònù tó dára, tí ó sì lè ra dátà, ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ọmọ tí iná kò sí ní ilé wọn ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 gbìyànjú láti jẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Oṣù mẹ́fà yìí tún gbé bẹ́ǹṣì náà kúrò láàárín wọn.

Ní ti àwọn yunifásítì ìjọba, ọ̀rọ̀ wa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù rẹ̀ lé àrùn lórí. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU, tí èmi náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, di aláìnígbèdéke ní oṣù kẹta ọdún 2020, a kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 23, oṣù kejìlá. Ìdí tí a fi yanṣẹ́ lódì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí yàrá ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó máa ń jókòó síwájú kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó wá kí mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ti ń kọ́. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Mi ò sá fún ìwé. Ìwé ló kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ mi.’ N kò rí èsì fún un títí di òní.

5. Bíbá Àrùn Gbé

Kí ni a wá ń pè ní bíbá àrùn gbé? Kì í ṣe pé a ṣẹ́gun rẹ̀, kì í sì í ṣe pé a gbàgbé rẹ̀. Ó jẹ́ àdéhùn tí àwùjọ ń bá ewu ṣe, tí ó sì ń yí padà lójoojúmọ́. A fi omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́. Mọ́ṣáláṣí àti ilé ìjọsìn ṣí ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pẹ̀lú àlàfo láàárín olùjọsìn. A dín iye ènìyàn kù níbi ìsìnkú àgbà, èyí tí ó dun ọ̀pọ̀ ẹbí ju àrùn lọ. Ìkíni wa kò nira láti tún ṣe: ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò béèrè kí ọwọ́ kan ọwọ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó tó mílíọ̀nù 3.92 gúnlẹ̀ sí Àbújá. Àwọn kan gbà á, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, ìbòmú ti ń di ohun tí a ń wá nínú àpò nígbà tí a bá dé ẹnu géètì nìkan.

Àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé àwọn tí àyẹ̀wò bá àrùn náà lára wọn ní Nàìjíríà lé ní 266,000, àwọn tí ó sì kú lé ní 3,100. Àwọn tí a yẹ̀ wò nìkan ni iye yìí kà. Kò ka ọmọ tí kò padà sí ilé-ìwé, nítorí kò sí ilé àyẹ̀wò tí ń yẹ irú àdánù bẹ́ẹ̀ wò.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé ọjà ṣáájú ilé-ìwé ṣí nítorí pé ebi ní ohùn. Ebi a máa pariwo láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ìyálọ́jà wà tí wọn yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ìjọba. Àìkàwé kì í pariwo. Ó lè gbà á ní ogún ọdún kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. A kò sọ pé kí a ti ọjà kí a lè ṣí ilé-ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé ìfaradà tí a fi wá ọ̀nà fún ọjà, tí a fi pín ọjọ́, tí a fi wá àyè fún un, ni ó yẹ kí a fi wá ọ̀nà fún ọmọ pẹ̀lú. Bí ọgbà ilé-ìwé bá lè di ọjà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, abẹ́ igi àti gbọ̀ngàn ìlú náà lè di kíláàsì.

Àjàkálẹ̀ mìíràn yóò dé; ìtàn 1918, 2014 àti 2020 kò jẹ́ kí a ṣiyèméjì. Nígbà tí ó bá dé, kí a rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a sé ara wa mọ́ nítorí àrùn náà wà lára ilé tí wọ́n ń wí.