Ọjọ́ Ìkẹyìn Búdà: Láti Ilé Alágbẹ̀dẹ Dé Ìdí Igi Sal

Ẹni ọdún 80 ni Gotama, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Búdà, lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú Pava lọ sí Kusinara ní àríwá Íńdíà. Ẹnu kò kò lórí ọdún náà: ìṣirò àwọn ará Sri Lanka gbé e sí nǹkan bí ọdún 544 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní sì mú un wá sí ìtòsí ọdún 400. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Mahaparinibbana Sutta, ìwé èdè Pali, tò lẹ́sẹẹsẹ láti oúnjẹ àárọ̀ títí di ìdájí ọjọ́ kejì. Òòrùn ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀sán ṣe ń lọ, wọ́n sì pín òru sí ìṣọ́ mẹ́ta. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan ló sì máa ń dá mi dúró níbẹ̀: ẹni tó ń kú lọ ló ń tọ́jú àwọn tó máa kù lẹ́yìn rẹ̀.

Àárọ̀

Nínú oko máńgòrò Cunda alágbẹ̀dẹ ni Búdà àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ̀ sí ní Pava. Òru ni Cunda ti fi dáná. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí kì í jẹun mọ́ bí òòrùn bá ti kàn àtàrí, nítorí náà oúnjẹ Cunda yìí ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Ara ohun tó gbé kalẹ̀ ni sukaramaddava. Àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní olú ni. Búdà ní kó bu èyí fún òun nìkan, kó fún àwọn yòókù ní oúnjẹ mìíràn, kó sì wa ihò kó ri àjẹkù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún gan-an, tó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fara dà á. Ó ní kí Ananda, ọmọ ẹ̀yìn tó ń tọ́jú rẹ̀, dìde, kí wọ́n máa lọ sí Kusinara.

Ọ̀sán

Ọ̀nà náà kò jìn fún ẹni tára rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àwọn atúmọ̀ ìwé ìgbàanì sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló dúró sinmi kó tó débẹ̀. Lábẹ́ igi kan, Ananda ká aṣọ ìlekè sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ fún un láti jókòó. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ní kí Ananda lọ bu omi wá nínú odò tó wà nítòsí. Ananda ní kẹ̀kẹ́ ẹrù 500 ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú odò náà kọjá ni, omi ti dàrú. Kí wọ́n ní sùúrù, odò Kakuttha kò jìnnà mọ́, ibẹ̀ lomi ti mọ́ tó sì tutù. Búdà tún bèèrè. Ananda tún dá a lóhùn bákan náà. Ìgbà kẹta ló tó gbé abọ́, nígbà tó sì débẹ̀, omi tó kéré tó sì rú tẹ́lẹ̀ ti tòrò minimini.

Iṣẹ́ ìyanu ni ìwé náà pe èyí. Ananda ni èmi ń wò nítèmi. Ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ débi pé kò lè gbé omi ẹrẹ̀ fún un, ìfẹ́ yẹn náà ló sì fi aláìsàn sílẹ̀ nínú òùngbẹ nígbà méjì. Ohun tí ẹ̀sìn Búdà ń tẹnu mọ́ nìyí, pé kí àánú àti ọgbọ́n máa rìn pọ̀. Ananda ní àánú rẹpẹtẹ, ọgbọ́n rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọkùnrin ará Malla kan, Pukkusa, bá wọn níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Búdà, ó di ọmọ ẹ̀yìn, ó fi aṣọ aláwọ̀ wúrà méjì ta wọ́n lọ́rẹ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Kakuttha, Búdà wẹ̀, ó mu omi, ó sì dùbúlẹ̀ nínú oko máńgòrò tó wà níbẹ̀. Ibí yìí ló ti rántí Cunda. Ó rí i ṣáájú pé aráyé lè yọ ìka sí alágbẹ̀dẹ náà pé oúnjẹ rẹ̀ ló pa olùkọ́, tàbí kí ọkàn òun fúnra rẹ̀ máa dá a lẹ́bi títí ayé. Ó ní kí Ananda mú ìbànújẹ́ yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀: kó sọ fún un pé oúnjẹ méjì ló ní èrè tó ju gbogbo oúnjẹ lọ, èyí tí òun jẹ lọ́jọ́ tí òun rí ìmọ́lẹ̀ àti èyí tí òun jẹ kẹ́yìn, pé èrè méjèèjì dọ́gba. Ìrora ń gbé e ṣánlẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ẹni tó gbà á lálejò ló ń rò. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa Búdà, mi ò rí ibi tí àánú rẹ̀ ti hàn sí mi tó báyìí.

Ìrọ̀lẹ́

Wọ́n sọdá odò Hirannavati bọ́ sínú igbó igi sal àwọn ará Malla, àwọn tó ni ìlú Kusinara. Ananda tẹ́ ibùsùn sáàárín igi méjì, orí sí àríwá. Búdà fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère rẹ̀ tó wà ní Kushinagar, bí wọ́n ṣe ń pe Kusinara lónìí, ṣe sùn, gígùn rẹ̀ tó mítà 6. Ìwé ní àwọn igi náà tanná láìjẹ́ àkókò wọn, òdòdó sì ń rọ̀ sí i lára. Búdà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọlá fún òun. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ìwà hù ló bọlá fún òun.

Nígbà tó yá, ó wá Ananda tì. Ananda ti wọ inú ilé kan lọ, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń sunkún pé iṣẹ́ ṣì kù fún òun láti ṣe lára òun, olùkọ́ tó ṣàánú òun sì ń lọ. Búdà ní kí wọ́n pè é wá. Ó rán an létí pé ohun gbogbo tí a fẹ́ràn la máa fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yìn ín níṣojú gbogbo wọn, fún ọdún gbọọrọ tó fi tọ́jú òun pẹ̀lú inú kan, ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá tẹra mọ́ iṣẹ́, kò ní pẹ́ dé òmìnira.

Ìṣọ́ kìn-ín-ní

Búdà rán Ananda sí ìlú, kó sọ fún àwọn ará Malla, kí wọ́n má baà kábàámọ̀ pé ilẹ̀ wọn ló kú sí tí àwọn kò sì rí i. Wọ́n dé tọkọtaya, tọmọtọmọ. Ananda rí i pé bí wọ́n bá ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn, ló bá ń mú wọn wá síwájú rẹ̀ ní agboolé-agboolé. Ìṣọ́ kìn-ín-ní kò tíì parí tí wọ́n fi kí i tán.

Òru

Arìnrìnkiri kan tó ń wá òtítọ́, Subhadda, gbọ́, ó sáré wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ananda ní ó ti rẹ Búdà, kó má dà á láàmú. Búdà gbọ́ wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó sún mọ́ òun.

Subhadda fẹ́ mọ̀ èwo nínú àwọn gbajúmọ̀ olùkọ́ ìgbà náà ló mọ òtítọ́. Búdà ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Kò bú ẹnìkankan nínú wọn. Ó ní níbikíbi tí ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́jọ bá wà, ibẹ̀ la ti máa rí ẹni tó ti dòmìnira. Ìyẹn ni ìwòye tó tọ́, èrò tó tọ́, ọ̀rọ̀, ìwà, iṣẹ́ oòjọ́, akitiyan, ìṣọ́ra ọkàn àti ìpọkànpọ̀ tó tọ́. Lóru ọjọ́ náà ni Subhadda di ọmọ ẹ̀yìn, ẹni ìkẹyìn tó gbà á níṣojú Búdà.

Ìṣọ́ ìkẹyìn

Búdà bi wọ́n léèrè bóyá iyèméjì kù lọ́kàn ẹnìkan. Wọ́n dákẹ́. Ó tún bèèrè, ó tún bèèrè. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ̀ olùkọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, kí ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Nígbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn: gbogbo ohun tí a tò pọ̀ ló máa tú ká, kí wọ́n má ṣe dẹwọ́ nínú iṣẹ́ wọn. Ó wọ inú àṣàrò lọ. Ananda rò pé ó ti kú; Anuruddha, ọmọ ẹ̀yìn tó mọ àṣàrò dunjú, ní kò tíì kú. Ìgbà tó yá ló kú.

Àwọn kan nawọ́ sókè, wọ́n ń ké. Àwọn mìíràn yí gbirigbiri nílẹ̀. Àwọn tí ọkàn wọn ti balẹ̀ mú un mọ́ra. Anuruddha àti Ananda fi ìyókù òru náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Anuruddha ní kí Ananda lọ sọ fún àwọn ará Kusinara. Ó bá wọn nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń bá bọ̀. Wọ́n kó òróró olóòórùn dídùn àti òdòdó, wọ́n pe gbogbo onílù ìlú, wọ́n gbé ìdì aṣọ 500, wọ́n sì forí lé igbó sal. Ó di ọjọ́ keje kí wọ́n tó gbé òkú náà lọ síbi tí wọ́n ti máa sun ún.